Fóòmù Kì Í Làágùn

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ

Ẹ̀yin Baba mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo kí àbúrò mi. Ṣé ara yín le? Ṣé etí yín ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí máṣíìnì ìránṣọ yín ṣì ń pariwo nínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú. Ẹ ti sọ fún Màmá pé ọmọ yín ti gbàgbé ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé. N kò gbàgbé, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè.

Mo ti ríṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè yìí, ní ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì àti fóòmù sí. Àwa akẹ́rù la máa ń gbé e sórí èjìká láti inú ilé lọ sínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí, àmọ́ iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé mo ti ríbi gbé. Òkè ni mo wà, àkàbà ni mo ń gùn débẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi dáadáa, kò sì sí onílé tó ń yọ mí lẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan tó jẹ́ tiṣẹ́ yín. Ọ̀gá wa ní mọ́tò kan tí wọ́n kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ òrùlé ẹ̀, ibẹ̀ la ń to fóòmù sí. Wọ́n fi aṣọ ṣe àgọ́ kékeré lé e lórí, ó ní sípì níwájú. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, omi gba ojú ìrán wọlé, gbogbo fóòmù rin gbingbin. Mo ti fi àbẹ́là pa sípì náà kó lè máa lọ geere, bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ yín. Mo wé àkísà mọ́ àkàbà kí ẹsẹ̀ má baà máa yọ̀. Ojú ìrán nìkan ló kù tó ń fìyà jẹ wá. Kí ni kí n ṣe sí i?

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

A kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé nígbà tí ìyá rẹ ti ń wo ojú ọ̀nà débi pé ẹni tó ń pín lẹ́tà ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Mo kà á fún un. Ó ní ṣe ni mo ń kígbe, pé gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ báyìí pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Kí ni kí n ṣe? Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé òun ń pariwo?

Inú mi dùn pé o ríṣẹ́. Inú mi dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ pé o rántí àbẹ́là lára sípì, torí nígbà tí o wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo rò pé oorun lásán lo ń sùn síbẹ̀. Fún ojú ìrán, fọ́ àbẹ́là sínú agolo, yọ́ ọ lórí iná, fi búrọ́ọ̀ṣì fà á sí i nínú àti lóde. Ìyẹn á gbé e dé ìparí òjò yìí. Àmọ́ aṣọ tí o ń sọ yẹn, mo mọ irú ẹ̀, ó fẹ́lẹ́, kò lè tọ́jọ́. Fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí mi, èmi fúnra mi á rán tàpólì tó máa bò ó látòkè délẹ̀. Má fojú wọ̀n ọ́n o. Mo mọ ojú rẹ. Òun ló rán kọ́là sí ibi tó yẹ kí àpò wà.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ pé òkè wo. Òkè ilé ta? Ta ni ẹ jọ wà níbẹ̀? Ó ní níbo lo ń sùn gan-an?

Baba rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀yin Baba mi,

Ẹ ṣé o. Mo kí Màmá púpọ̀. Ẹ sọ fún un pé ilé tó dúró dáadáa ni, kó fọkàn balẹ̀.

Mo ti wọn ẹrù náà pẹ̀lú okùn bí ẹ ṣe kọ́ mi. Okùn ọ̀hún ló wà nínú àpò ìwé yìí. Kókó àkọ́kọ́ ni gígùn, èkejì ni ìbú, ẹ̀kẹta ni gíga. Mo fà á le kí n tó ta kókó, ẹ má ṣèyọnu.

A ti ń tún ibẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀. Fóòmù tó ti ya tí ilé iṣẹ́ fẹ́ dà nù, mo gé e wẹ́wẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí pákó kí òtútù irin má baà gba ìsàlẹ̀ wọlé. Mo rán bùláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù mọ́ ara aṣọ àgọ́ náà nínú. Mo fa iná gílóòbù kékeré kan láti ara bátìrì mọ́tò, mo sì rán àpò kan sẹ́nu ọ̀nà tí bàtà ń gbé. Bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní bú mi.

Ẹ bi mí ta la jọ wà. Ọ̀rẹ́ mi kan ni, èdè wa ló ń sọ, akẹ́rù bíi tèmi ni. Aláriwo là ń pè é, torí kì í dákẹ́. Bó bá jí, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Bó bá sùn, ó ń hanrun. Mo ti sọ fún un pé lọ́jọ́ kan màá wé àkísà mọ́ imú ẹ̀ bí mo ṣe wé e mọ́ àkàbà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wú ikọ́. Òun ló gbà mí sí yàrá òkè náà. Bí kì í bá ṣe òun, n kò mọ ibi tí ǹ bá wà. Ó ní kí n kí yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Kú iṣẹ́, kú òtútù. Kí Aláriwo fún mi. Sọ fún un pé èmi lẹni tó yẹ kó bá gbé, n kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Mo tẹ́ okùn rẹ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dùbúlẹ̀ tì í kí n lè mọ bó ṣe tó, torí ara mi ni mo máa ń fi wo ìwọ̀n. Ó fi díẹ̀ gùn jù mí lọ. Bí ìyá rẹ ṣe wọlé nìyẹn, ó rí mi nílẹ̀, ó figbe ta pé mo ti ṣubú. Nígbà tí ara ẹ̀ balẹ̀, ó wo okùn náà, ó ní ẹrù wo ló gùn tó èèyàn báyìí? Mo ní fóòmù ni, ṣebí èèyàn ló ń sùn lé e. Ó tún okùn náà wò, ó bá ọ̀nà ẹ̀ lọ.

Tàpólì náà ló wà nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ yìí. Èyí tó nípọn ni, irú èyí tí mo ń rán fún àwọn ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì. Ojú ìrán méjì méjì ni mo ṣe sí i, mo sì fi ìda pa gbogbo ẹ̀. Tẹ́tí sí mi o. Bí wíńdò bá wà lára àgọ́ yẹn, jẹ́ kí tàpólì bò ó. Fa okùn ìsàlẹ̀ yí i ká, kí ìṣẹ́tí aṣọ wọ abẹ́ pákó pátápátá. Ẹrù tó bá ń mí, bí ewúrẹ́ tàbí adìẹ, mo máa ń ṣe ojú afẹ́fẹ́ sí i lókè àti nísàlẹ̀. N kò ṣe é sí tìrẹ, torí ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà lomi náà máa gbà, fóòmù ò sì nílò afẹ́fẹ́. Dí i pa.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì tí o rán sínú ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ yìí kẹ́ fóòmù ju bí mo ṣe ń kẹ́ ìyá rẹ lọ. Ìyá rẹ ní o kò dáhùn ìbéèrè òun.

Baba rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá

Ẹ̀yin Baba mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ yín ò ní rọ. Tàpólì dé, ó bá a mu bí ìgbà tí ẹ dúró tì í rán an. Mo fa okùn ìsàlẹ̀ bí ẹ ṣe wí, mo bo wíńdò méjèèjì. Òjò ńlá rọ̀, kò sí ẹ̀kán kan tó wọlé. Aláriwo fọwọ́ gbá tàpólì náà káàkiri, ó ní, "Baba ẹ mọṣẹ́, àbúrò. Kí wọ́n bá mi rán ọ̀kan fún bàbá ìyàwó mi náà." Kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ náà. Inú mi dùn gidi. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹ wà níbí.

Nǹkan kan ló kàn yà mí lẹ́nu. Láàárọ̀, inú tàpólì náà máa ń tutù, omi á máa kán láti òkè, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Mo wo gbogbo ojú ìrán, n kò rí ibi tó ti jò. Kí ló lè fà á?

Fóònù mi bọ́ sómi, ó ti kú pátápátá, nítorí náà ilé iṣẹ́ ni kí ẹ máa kọ̀wé sí. Òtútù ibí kì í ṣe ọmọ kékeré. Aláriwo ti rí sítóòfù gáàsì kékeré kan, a máa ń tàn án sí yàrá bí a bá fẹ́ sùn, ara á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Orí ń fọ́ mi díẹ̀ tí mo bá jí, àmọ́ mo mọ̀ pé òtútù ni. Ẹ sọ fún Màmá pé mò ń sùn dáadáa.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Ìkíni á wà lẹ́yìn. Fóòmù kì í làágùn. Mo ti fi tàpólì bo fóòmù, bo àpótí, bo sìmẹ́ńtì láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ, kò sí èyí tó làágùn láàárọ̀ rí. Ohun tó ń mí ló ń sọ inú tàpólì di omi. Ta ló ń mí lábẹ́ aṣọ tí mo rán?

Nígbà tí o ṣì ń rá kòrò, ọlọ́dẹ kan sá fún òjò, ó wọ abẹ́ tàpólì tí mo rán fún ọkọ̀ kan. Ó gbé ìkòkò ẹyin iná wọlé kó lè yáná, ó sì fa ìṣẹ́tí mọ́ra. Èmi ni wọ́n pè láàárọ̀ pé kí n wá tú okùn. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, àmọ́ kò mí mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń bi oníbàárà pé kí ni wọ́n fẹ́ fi bò kí n tó gé aṣọ. Mo bi ìwọ náà. O ní fóòmù.

Bó bá jẹ́ ìwọ àti Aláriwo lẹ ń sùn síbẹ̀, pa sítóòfù yẹn kó o tó ka èyí tó kù. Má tàn án níbẹ̀ mọ́ láé. Orí tó ń fọ́ ọ kì í ṣe òtútù, atẹ́gùn iná tí kò ríbi jáde ni. Mú àlùmọ́gàjí, gé tàpólì náà. Má tú ìrán, kò sáyè fún un. Gé e lókè, kí ọwọ́ méjì lè gbà á kọjá, kí o tún gé e nísàlẹ̀. Má rò ó pé iṣẹ́ Baba ni. Tú okùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kí òjò máa wọlé.

Bí o bá parọ́ fún mi nítorí ìtìjú, n kò bínú. Pa irọ́ mìíràn fún mi lọ́la. Ya aṣọ náà lónìí.

Baba rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mo ti kọ̀wé sí ọ, mo sì tún ń kọ èyí bóyá ti àkọ́kọ́ há síbì kan. Gé tàpólì. Má tan iná. Àbúrò rẹ ti pe fóònù rẹ títí, ohùn kan náà ló ń sọ fún un pé fóònù náà wà ní pípa. Mo jókòó sídìí máṣíìnì láti àárọ̀, n kò rán nǹkan kan.

Ìyá rẹ ní kí n kọ èyí sílẹ̀ bí òun ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Ọmọ mi, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí o ti ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ọ dáadáa. Ẹni tó ní ògiri kì í ròyìn afẹ́fẹ́. Mo dákẹ́ kí ojú má baà tì ọ́. Kò yẹ kí n dákẹ́."

Kọ̀wé. Bó ṣe ìlà kan ni, kọ ọ́.

Baba rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejìlá

Ẹ̀yin Baba mi,

Mo wà láàyè. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún Màmá.

Aláriwo ti kú. Ọ̀gá ní kí n dúró, pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ tí a máa já ẹrù ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aláriwo ní òun ń lọ sùn, pé kí n ra búrẹ́dì bọ̀. Mo rà á. Mo dé ìdí mọ́tò, n kò gbọ́ ìhanrun, mo rò pé ó ti jí, pé ó fara pa mọ́ láti dẹ́rù bà mí, torí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gun àkàbà, mo fa sípì. Ó lọ geere. Inú ibẹ̀ gbẹ, àfi omi tó ń kán láti òkè. Ó kọjú sí ara àgọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì dé etí ẹ̀. Sítóòfù ti jó gáàsì tán, ó ti kú fúnra ẹ̀.

Lẹ́tà yín méjèèjì dé lọ́wọ́ kan náà, lẹ́yìn tí a ti sin ín. Àwa akẹ́rù díẹ̀ la wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù, mo sì lọ gé tàpólì náà bí ẹ ṣe ní kí n gé e, lókè àti nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé kò wúlò mọ́. Mo gé e síbẹ̀síbẹ̀.

Mọ́tò náà kì í ṣe ti ọ̀gá. Aláriwo ló ni ín. Ó bá mi níbi tí mo ti ń sùn láàárín àwọn páálí lẹ́yìn ilé iṣẹ́, ó ní, "Àbúrò, òkè fẹ̀, gùn ún." Òun fẹ́ ṣí wíńdò kan sílẹ̀, èmi ni mo ní rárá, pé Baba mi ní ká dí i pa. Ó ní bí Baba ẹ bá ti sọ ọ́, ó tán nìyẹn. Baba, ẹ ò jẹ̀bi. Fóòmù lẹ rán an fún. Èmi ni mo ní fóòmù ni, torí n kò lè kọ ọ́ sínú ìwé sí yín pé orí mọ́tò ni ọmọ yín ń sùn.

Àwọn ọlọ́pàá bi mí ta ló rán tàpólì náà. Mo ní ọjà ni mo ti rà á. Fóònù Aláriwo ń dún nínú àpò mi. Ìyàwó ẹ̀ ni. Mo jẹ́ kó dún títí, n kò lè gbé e. Ní ìgbẹ̀yìn mo gbé e.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

A ka lẹ́tà rẹ. N kò kígbe kà á lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ ló ní òun ò gbọ́, kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dúpẹ́ pé o wà láàyè, lẹ́yìn náà ó sunkún ọmọ ọlọ́mọ, èmi náà sì sunkún.

Bí àwọn ọlọ́pàá bá tún bi ọ́, sọ fún wọn pé èmi ni mo rán an. Má parọ́ nítorí mi. Ìwọ ní n kò jẹ̀bi. Ọwọ́ mi ló fa òwú yẹn, ọwọ́ mi ló kọ̀wé pé kí o dí i pa, mo sì dùbúlẹ̀ ti okùn yẹn pẹ̀lú ara mi, kò wá sí mi lọ́kàn. Ìyá rẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè. Èmi fi ṣẹ̀fẹ̀. Má gba ẹ̀bi yẹn lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Jẹ́ ká jọ rù ú.

Fi ibi tí àwọn òbí Aláriwo wà ránṣẹ́ sí mi, èmi àti ìyá rẹ máa lọ. N kò mọ ohun tí a máa sọ, ṣùgbọ́n a máa jókòó síwájú wọn. Mo ti padà sídìí iṣẹ́. Oníbàárà kan mú ìwọ̀n wá lánàá, ó ní ìborí ẹrù ló fẹ́. Mo bi í pé ta ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Baba, mo ní ẹrù." Mo tún bi í. Ó bínú, ó kó okùn ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn.

Máa bọ̀ wálé. Títí o fi máa dé, dá ìyá rẹ lóhùn. Níbo lo ń sùn?

Baba rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ẹ̀yin Baba mi, ẹ̀yin Màmá mi,

Ìwé ìrìnnà mi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, n kò tíì lè bọ̀. Mo ti sọ fún wọn ẹni tó rán tàpólì àti ẹni tó ní kí wọ́n dí i. Ibi tí àwọn òbí Aláriwo wà ni mo kọ sẹ́yìn ìwé yìí. Ìyàwó ẹ̀ ní kí n máa lo mọ́tò náà títí àwọn èèyàn ẹ̀ á fi ránṣẹ́ wá gbé e. N kò mọ bí mo ṣe máa wo ojú wọn.

Màmá, ẹ ti ń bi mí tipẹ́. Inú mọ́tò náà ni mò ń sùn, lórí àga iwájú. Mo ti tú àgọ́ kúrò lórí ẹ̀. Mo fa gíláàsì méjèèjì wálẹ̀ dé ìdajì, òtútù ń wọlé, bí òjò bá rọ̀, ó ń bà mí lápá. Àwọn akẹ́rù ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n tì í. N kò lè tì í.

Ọmọ yín.